Kí Ni Yóò Gbà Lọ́wọ́ Wa?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Físíìsì kí n tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2019, àṣà iṣẹ́ náà kò sì tíì kúrò lára mi. Bí mo bá gbọ́ ìròyìn ohun tuntun kan lórí rédíò, ńṣe ni mo máa ń tò ó lọ́kàn bí ẹni tí yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún kíláàsì ní agogo mẹ́jọ àárọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù nínú kíláàsì náà báyìí. Ìyá Elélùbọ́ ni, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà nítòsí tábìlì POS mi ní ọjà Owódé, ní Ọ̀fà. Bí a bá ti kí ara wa tán ní òwúrọ̀, yóò béèrè pé, "Tíṣà, kí ni rédíò wí?" Èmi yóò sọ fún un. Bí mo bá sọ tán, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń bi mí láti ọjọ́ tí a ti mọ ara wa: "Kí ni yóò gbà lọ́wọ́ wa?"

Fún ìgbà pípẹ́, mo ka ìbéèrè yìí sí ti ẹni tí ohun tuntun ń bà lẹ́rù. Mo máa ń fi sùúrù dá a lóhùn bí a ṣe ń dá ọmọ tuntun lóhùn nínú kíláàsì, ọkàn mi kì í sì í sí níbẹ̀. Ohun tí ó mú kí ọkàn mi padà síbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Kí n tó sọ ọ́, ó tọ́ kí n jẹ́rìí sí oore tí ẹ̀rọ POS ṣe fún ìlú wa. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ àwọn báǹkì tó wà ní Ọ̀fà, wọ́n pa ọlọ́pàá, wọ́n pa ará ìlú, ẹ̀mí tí ó bá a lọ sì lé ní ọgbọ̀n. Lẹ́yìn ọjọ́ burúkú náà, àwọn báǹkì tilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé arúgbó tí ó fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní láti wọ mọ́tò lọ sí ìlú mìíràn, kí ó tò, kí ó sì fi ìbẹ̀rù gbé owó náà padà bọ̀ wálé. Ẹ̀rọ kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni ó gbà wá lọ́wọ́ ìyà yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé tábìlì kalẹ̀ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn náà tí mo fi gba ẹ̀rọ àti fóònù gbọ́ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó bébà 200, 500 àti 1,000 náírà. Wọ́n ní nínú owó bébà tí ó tó tírílíọ̀nù 3.23 náírà tí ó wà nígboro, tírílíọ̀nù 2.73 ni kò sí nínú báǹkì kankan. Ààrẹ Buhari fi owó tuntun náà han gbogbo ayé ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná an ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá, wọ́n sì dá ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023 fún owó àtijọ́. Inú mi dùn sí ìròyìn náà gan-an. Mo ya àwòrán sí ẹ̀yìn páálí kan fún Ìyá, mo fi hàn án bí owó ṣe lè kúrò nínú àkáǹtì kan bọ́ sínú òmíràn láìsí bébà, láìsí olè, láìsí àgbékiri. Mo mú un lọ ṣí àkáǹtì, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ka alert, ó sì mọ̀ ọ́n láàárín ọjọ́ méjì, nítorí pé orí rẹ̀ pé sí ìṣirò ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo kọ́ lọ. Nígbà tí mo parí, ó bi mí ní ìbéèrè rẹ̀. Mo dá a lóhùn pé, "Kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín, Ìyá. Fóònù yín nìkan ni."

Gbogbo ẹni tó wà ní Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2023 mọ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú di ọjọ́ 10 oṣù kejì, ṣùgbọ́n owó tuntun kò tó, àtijọ́ sì ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ̀. Àwọn ènìyàn sùn sí ẹnu ọ̀nà báǹkì. Èmi náà ra owó, mo sì tà á: bí mo bá fi 11,500 náírà ra 10,000, ẹni tí ó bá wá sọ́dọ̀ mi ni yóò san ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náà pẹ̀lú èrè mi. N kò fi bò, nítorí pé mo rí ojú àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń kà á.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù náà, oníbàárà kan wá láti Ìlọrin, ó ra àpò èlùbọ́ mẹ́ta, owó rẹ̀ jẹ́ 96,000 náírà. Kò ní owó lọ́wọ́, ó fi fóònù ránṣẹ́, ó sì fi hàn wá pé owó ti lọ. Alert kò dé. Ìyá kò sọ̀rọ̀, ó kàn yíjú sí mi. Mo gba fóònù oníbàárà náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i pé òtítọ́ ni pé owó ti kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀, mo sì fi ẹnu tí mo fi kọ́ni fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sọ pé, "Ìyá, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ. Owó yẹn yóò dé kí oòrùn tó wọ̀." Oòrùn wọ̀, owó kò dé. Ilẹ̀ mọ́, kò dé.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló rò pé jìbìtì ni, bẹ́ẹ̀ olóòótọ́ ènìyàn ni oníbàárà yẹn. Owó kì í rìn nínú fóònù. Iṣẹ́ ni a ń rán. Báǹkì ẹni tó rajà yóò kọ́kọ́ yọ iye náà kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀, yóò wá rán iṣẹ́ gba ojúkò tí ó so gbogbo báǹkì pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní NIBSS, láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà yóò ti dé báǹkì ẹni tó tajà, tí báǹkì yẹn yóò sì dáhùn pé òun ti kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọdún 2011 ni ètò ojú ẹsẹ̀ yìí ti wà, ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ dá, kì í gba ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún yẹn, orílẹ̀-èdè odindi ń rán iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìdáhùn bá sọnù lọ́nà, ẹni tó rà ti san, ẹni tó tà kò gbà, àwọn báǹkì méjèèjì yóò sì máa sọ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ni ó wà. Wọ́n yóò yanjú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jókòó ka ìwé, nítorí pé fún báǹkì, owó náà kò sọnù, ó kàn dúró ni. Ibi tí ó dúró sí ni ojú owó Ìyá Elélùbọ́ wà.

Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn tó ń kó iṣu gbígbẹ wá láti ọ̀nà Kaiama dé. Abúlé tí wọ́n ti ń bọ̀ kò ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, owó bébà nìkan ni wọ́n lè gbà. Ìyá lọ bá alájọ rẹ̀ pé kí ó fún òun ní àjọ oṣù náà ṣáájú ìgbà. Alájọ ní inú báǹkì ni gbogbo rẹ̀ wà, òun náà kò rí i gbà. Ìyá wá bá mi. Gbogbo owó bébà tí mo ní lọ́jọ́ náà kò tó 20,000 náírà, mo kó o fún un láìgba kọ́bọ̀ lé e, ṣùgbọ́n àpò kan ni ó lè fi rà. Ẹlòmíràn ra ìyókù. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn ènìyàn yẹn ti ń gbé iṣu wọn wá bá a kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni; láti ọjọ́ náà, wọ́n ti ní oníbàárà mìíràn tí wọ́n ń kọ́kọ́ lọ bá.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án ni alert wọlé. Ó gbé fóònù náà wá fún mi kí n kà á fún un, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ ọ́n kà. Nígbà tí mo kà á tán, ó sọ pé, "Tíṣà, ó ti dé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó gbà lọ́wọ́ mi."

Kò pariwo, kò sì dá mi lẹ́bi. Mo jókòó sí ìdí tábìlì mi títí di ọ̀sán láìṣe òwò, nítorí pé ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ó ti ń bi mí láti ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ń kéde ohun tuntun máa ń ka ohun tí yóò fún wa. Ohun tí yóò gbà, ẹni tó wà ní ìdí ọjà ni ó ń kà á, lẹ́yìn tí ó bá ti gbà á tán. Èmi tí mo wà láàárín àwọn méjèèjì, tí mo gbọ́ èdè rédíò, tí mo sì gbọ́ ti ọjà, ni ó yẹ kí n béèrè rẹ̀ ṣáájú. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí á máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí n san díẹ̀ lára ohun tí Ìyá pàdánù. Ó kọ̀. Ó ní, "Máa kọ ọ́ sílẹ̀, ìwọ tí o mọ ìwé." Mo ra ìwé kan, mo fa ilà sí i láàárín: ohun tí ìròyìn sọ wà lápá ọ̀tún, ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wa wà lápá òsì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ìwé yẹn wúlò fún mi ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024. Ọjọ́bọ̀ ni, a ti wà nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì, ọjà sì kún fún àwọn tó ń ra ohun ìṣínu. Ìròyìn dé pé okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó wà lábẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ti bàjẹ́ ní ìtòsí Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Mo mọ ohun tó wà nínú okùn bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọdọọdún ni mo máa ń fi ṣe ẹ̀kọ́: fọ́nrán dígí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbá ara rẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ láìlè jáde, tí ó sì ń sáré nínú rẹ̀ ní nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí n kò fi kọ́ àwọn ọmọ rí ni pé owó tí ẹnì kan fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó dojú kọ ọ́ nínú ọjà kan náà lè gba inú dígí yẹn kọjá, nítorí pé kọ̀ǹpútà tí àwọn báǹkì fi ń kọ ìwé wọn lè wà ní òkè òkun, bí ẹni tó fẹ́ pàdé aládùúgbò rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọ̀nà gba ìlú òyìnbó. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ wá ibi tó já, kí wọ́n fa okùn náà sókè láti ìsàlẹ̀ òkun, kí wọ́n so ó, iṣẹ́ tí ó sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, mo ti kọ ọ́ sí pátákó: "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dá. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni lónìí." Inú bí àwọn oníbàárà kan, wọ́n ní mo ń lé ajé sá. Ìyá Elélùbọ́ tà fún àwọn tí ó mọ̀ ní àwìn, mo sì ń bá a kọ orúkọ wọn sínú ìwé, ẹni tí kò mọ̀ sì ń mú owó bébà wá. Ní àkókò yìí, mo ti ń fi owó bébà díẹ̀ pamọ́ sílé, kì í ṣe fún títà, ti ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó rà lọ́wọ́ wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí owó ẹnikẹ́ni tí ó há sọ́nà lápá ibi tí a wà.

Àwọn ojú ewé mìíràn nínú ìwé náà kúrú. Oṣù kẹrin ọdún 2024, iná mànàmáná ti àwọn tó wà ní ìpele A (Band A, àwọn tí iná ń wà fún jùlọ) di 225 náírà ní ìwọ̀n (unit) kan: ẹlẹ́rọ ìlọta mú owó rẹ̀ lé. Oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láàyè láti fi ìdajì lé owó ìpè àti dátà: mo kọ iye tí mo ń san tẹ́lẹ̀ àti èyí tí mo ń san báyìí, ó tán.

Ojú ewé kan wà tí mo kọ tí mo tún padà kọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun kan fún àrùn tí àwa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá. CRISPR ni wọ́n fi ṣe é, ọgbọ́n tí Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2020: wọ́n yóò yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n yóò gé ibì kan nínú àbùdá wọn, kí ara lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò nígbà tó wà nínú ìyá rẹ̀, èyí tí kì í ká bíi dòjé. Mo sunkún nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo ní ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì rí, iwájú ni ó máa ń jókòó sí, ó sì máa ń parí ìṣirò kí n tó kọ ìbéèrè tán sójú pátákó. Bí ọyẹ́ bá ti mú, àga rẹ̀ yóò ṣófo fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ọdún kan wà tí ọyẹ́ lọ, tí kò padà wá.

Mo wá yí sí apá òsì ìwé náà. Ìtọ́jú yìí gba mílíọ̀nù 2.2 dọ́là lórí ẹnì kan ní Amẹ́ríkà. Ó gba kí wọ́n fi oògùn líle pa mùdùnmúdùn inú egungun, kí aláìsàn wà nínú yàrá tí kòkòrò kò lè wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Mo kọ gbogbo èyí sílẹ̀, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà sí i, mo rí i pé oògùn oníhóró kan wà, hydroxyurea, tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí fún àrùn yìí láti ọdún 1998, tí òun náà ń jí irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú oyún kan náà yẹn sókè, kò mú un tán bí ti CRISPR, ṣùgbọ́n ó ń dín ìrora kù. Ohun tí ó ń gbà ni lílò lójoojúmọ́ àti yíyẹ ẹ̀jẹ̀ wò lóòrèkóòrè lọ́dọ̀ dókítà. Ọmọ yẹn wà láyé nígbà tí oògùn náà ti wà. N kò gbọ́ orúkọ oògùn náà lórí rédíò rí, nítorí pé kì í ṣe ohun tuntun. Láti ìgbà náà, bí òbí kan bá bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ tó ní àrùn yìí, mo máa ń kọ orúkọ oògùn náà sórí bébà fún un, mo sì máa ń sọ fún un pé kí ó gbé e lọ bi dókítà, kí ó má rà á fúnra rẹ̀.

Ti ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn, Ìyá fúnra rẹ̀ ni ó dá a lẹ́jọ́. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ChatGPT jáde, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n fi owó tuntun hàn wá, n kò sì kà á sí nígbà náà. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi bi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bí a ṣe ń ṣe èlùbọ́, ó sì ka ìdáhùn rẹ̀ sókè ní ìsọ̀: kí a bẹ iṣu, kí a gé e, kí a sá a sóòrùn, kí a lọ̀ ọ́. Ìyá gbọ́ títí dé òpin. Ó ní, "Kò bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná. Kò jẹ́ kí ó sùn sínú omi. Ọkà rẹ̀ kò ní fà, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní wá." Mo ṣàlàyé fún àwọn méjèèjì pé ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà ti kà rí ni ó ń tò pọ̀, pé ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀ lé ohun ni ó ń wá, àti pé ohun tí àwọn aṣèlùbọ́ mọ̀ kò pọ̀ nínú ìwé. Lójú ewé ọjọ́ náà, mo kọ ọ́ pé ó ń gbà pé kí ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ wà nítòsí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àṣẹ tuntun jáde láti ọ̀dọ̀ CBN, ó sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n: gbogbo ẹ̀rọ POS gbọ́dọ̀ máa fi ibi tí ó wà hàn, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ kọjá mítà 10 sí àyè tí a forúkọ rẹ̀ sí. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fún wa. Wọ́n fẹ́ fi dènà àwọn gbájú-ẹ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ kiri, mo sì fara mọ́ ọn, nítorí pé mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí Ìyá tó dé, mo sì yá tépù lọ́wọ́ káfíńtà. Bí òjò bá ń rọ̀, abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni mo máa ń gbé ẹ̀rọ sí: mítà méje ni láti tábìlì mi. Ìyẹn kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n àwọn arúgbó mẹ́ta wà ní àdúgbò tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn dé ọjà mọ́, tí mo máa ń gbé ẹ̀rọ lọ bá nílé ní òpin oṣù kí wọ́n lè gba owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ilé èyí tó sún mọ́ wa jùlọ nínú wọn lé ní ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀.

Nígbà tí Ìyá dé, n kò jẹ́ kí ó béèrè. Mo ka àṣẹ náà fún un, mo sọ ohun tí ó wà fún, mo sì sọ ti àwọn arúgbó mẹ́ta náà. Ó tú ìdí àpò èlùbọ́ kan, ó tún un so, ó wá wò mí.

"Ta ni yóò lọ sọ fún wọn kí ọjọ́ náà tó pé?"

Mo fi tábìlì sílẹ̀ fún un kí ó máa bá mi wò ó, mo sì mú ọ̀nà ilé ẹni àkọ́kọ́ pọ̀n.